Ọdẹ́níyì ní Ìlú Ìbátijẹ́

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará mi, kí ẹ sì fi ìdí jókòó dáadáa, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò lórí iná, kí ó lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń sunkún, kí ó fún un lọ́mú. Ẹni tí ó bá sì wá síbí láti sọ pé irọ́ ni mò ń pa, ọ̀nà ilé rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ìdí ìbọn lu ẹfọ̀n ní imú rí nígbà tí ẹ̀tù tán, ẹfọ̀n náà sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ta ló wá kù tí n óò máa bẹ̀rù?

Ẹ mọ eré tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á dorí kodò bí adìẹ tí òjò pa, tí ìyá wọn á pè wọ́n títí tí wọn kò ní jẹ́. Ẹ̀yin rò pé àwòrán lásán ni. Ayé ni ó wà nínú rẹ̀. Ìlú wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, oòrùn ń yọ níbẹ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń jí, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sùn. Kí àwọn tí ó dá ayé náà tó dá a, ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó kọ. Wọ́n kọ ìtàn ọba, wọ́n kọ ti olè, wọ́n kọ ti ẹni tí ń ta epo ní ìkóríta. Ìtàn wá pọ̀ ju ààyè lọ, ni wọ́n bá mú díẹ̀, wọ́n da èyí tí ó kù nù. Níbo ni ẹ rò pé àwọn tí wọ́n dà nù gbà lọ? Ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ ni, ẹ kì bá tí wá jókòó síwájú mi.

Nínú ọ̀kan nínú àwọn ayé wọ̀nyẹn ni ọdẹ kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́níyì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un: kí ó dúró lẹ́nu Igbó Arọ̀jò, kí ó máa kìlọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò. Àwọn arìnrìn-àjò yìí ni àwọn ọmọ yín tí ń ṣe eré náà láti ilé. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní, "Ẹ má gba ọwọ́ òsì, ejò ń bẹ níbẹ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Wọ́n lè dúpẹ́, wọ́n lè má dúpẹ́, wọ́n á sáré kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n fi sí i lẹ́nu.

Iṣẹ́ náà kò ni í lára. Ilé rẹ̀ ni ó ń ni í lára. Ahéré kan wà lẹ́yìn ibi tí ó ń dúró sí, àpótí ìjókòó méjì sì wà nídìí ààrò, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀. Ìró kan wà tí wọ́n sá sórí okùn, ìró aláró tí obìnrin ń lọ́, kò sì mọ ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá se ọbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti bù ú sí àwo méjì kí ó tó rántí pé kò sí ẹlòmíràn nílé. Á jẹ tirẹ̀ tán, á máa wo àwo kejì títí yóò fi tutù. Àárò ẹnì kan ń sọ ọ́ tí kò mọ ojú rẹ̀, tí kò mọ ohùn rẹ̀, tí kò sì ní orúkọ tí yóò pè kí ara lè tù ú. Ẹ̀yin obìnrin tí ọkọ yín lọ sí ìdálẹ̀ tí ẹ wá ń sunkún kiri àdúgbò, ó sàn fún yín púpọ̀. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń sunkún sí.

Ní ọjọ́ kan, arìnrìn-àjò kan dé tí kò sáré. Obìnrin ni, ó ń rọra rìn, ó sì ń wo nǹkan gbogbo fínnífínní. Nígbà tí Ọdẹ́níyì kìlọ̀ ejò fún un tán, kò lọ. Ó nawọ́ sí ìró orí okùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ọdẹ, ta ló ni aṣọ yìí?"

"Ẹ má gba ọwọ́ òsì," ni Ọdẹ́níyì wí.

"Mo ti gbọ́ ti ejò. Aṣọ yìí ni mo bèèrè. Ṣé ìyàwó yín ló ni ín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ kan ojú egbò. Ó fẹ́ dáhùn, kò rí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu ara rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdẹ́níyì jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a, kò jókòó lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá ní ìyàwó, ibì kan ni yóò wà, nítorí aṣọ kì í dédé gun orí okùn. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Kò gba ọwọ́ ọ̀tún, nítorí ó ti mọ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì tí ó ń lé gbogbo ayé kúrò nínú rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ gbà. Àìrìnjìnnà ni àìrábuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Kò tíì wọ inú ọ̀nà náà dáadáa tí ejò fi dìde sí i. Ejò yìí tóbi tó òpó ààfin, inú sì ti ń bí i tẹ́lẹ̀.

"Ọdẹ́níyì! Ìwọ náà lo dé yìí? Ìwọ abanilórúkọjẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" ni Ọdẹ́níyì wí. Bí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti wọ ẹnu rẹ̀.

"O ń bi mí! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí síbí ni mo ti ń retí àlejò. Ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí o ń sọ fún gbogbo wọn pé ejò ń bẹ, ejò ń bẹ. Ta ló wá fẹ́ wá? Àlọ́ wà lẹ́nu mi tí wọ́n ní kí n pa fún ẹni tó bá dé, ó ti ń rà mọ́ mi lẹ́nu."

Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ejò pa àlọ́ náà fún òun. Ejò tún ọ̀fun ṣe, ó ní, "Wọ́n bí i, wọn kò kó o jáde. Wọ́n gbé e jù nù, kò kú. Kò sí nílé, ìjókòó rẹ̀ kò sì ṣófo. Kí ni o?"

"Ẹni tí mò ń wá ni," ni Ọdẹ́níyì dáhùn.

Ejò mi orí. "Èsì tí wọ́n kọ́ mi kọ́ nìyẹn," ni ó wí, "ṣùgbọ́n tìrẹ dára ju tiwọn lọ. Máa kọjá. Ẹ̀yìn ìrù mi ni ayé parí sí, ibẹ̀ sì ni Igbó Àìlò ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìtàn tí wọ́n dà nù wà níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ejò ká ara rẹ̀ kúrò lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀rọ̀ kì bá tí gùn tó bẹ́ẹ̀, awọ ejò náà ni ẹ ìbá máa jókòó lé lórí báyìí. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́níyì kì í ṣe èmi.

Mo ti rí igbó o. Mo ti sun inú igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ ń gbóná bí inú ìyálé tí wọ́n gbé ìyàwó tuntun wọlé bá. Igbó Àìlò yàtọ̀. Igi ibẹ̀ léwé ní apá kan, apá kejì funfun báláú bí ìwé tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Ẹyẹ kan wà tí ó ní ohùn tí kò ní ara, yóò kọrin kọjá létí rẹ, o kò ní rí i. Ìgalà ibẹ̀ kò ní ìdí, orí àti ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni wọ́n ṣe tán kí wọ́n tó yí ọkàn padà, ó sì ń fò kiri bẹ́ẹ̀, ó ń jẹko. Ọdẹ́níyì kò lè yìnbọn sí i. Ó ní ìyà tí ó jẹ ẹ́ ti tó.

Inú igbó yìí ni jagunjagun kan ti fò jáde sí i. Balógun Ajílẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, ó sì ga débi pé òjìji rẹ̀ nìkan tó ahéré. Kò kí Ọdẹ́níyì, idà ni ó fà yọ. Ọdẹ́níyì yìnbọn, ìbọn dún, ọta wọ ara Balógun, ó gba òdìkejì jáde, ọkùnrin náà wulẹ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ìrètí rẹ̀ já ni. Wọ́n gbá ara wọn mú. Wọ́n jà títí koríko ibẹ̀ fi hú tán. Balógun gbé Ọdẹ́níyì, ó fi í na ilẹ̀. Ọdẹ́níyì fi orí kan án ní igbáàyà. Eruku sọ lálá. Nígbà tí ó yá, Ọdẹ́níyì ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tí òun bá ní àyè láti gún ọkùnrin yìí, ńṣe ni ó ń ṣí àyà rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Balógun, ikú lẹ ń wá ni?"

Ajílẹ́yẹ ju idà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó ní wọ́n kọ ogun kan fún òun tí òun yóò kú sí, ogun ńlá, ogun tí wọn yóò máa fi kọrin. Wọ́n da ogun náà nù. Láti ìgbà náà, òun kò rí ibi kú sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí òun yóò sọ wà lẹ́nu òun, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi," ni Ọdẹ́níyì wí. "Mo ń gbọ́."

Balógun dùbúlẹ̀, ó gbé orí lé itan Ọdẹ́níyì, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé n kò sá." Lẹ́yìn náà ni ó mí, ó sì sùn lọ fọnfọn. Bóyá ó kú ni o, bóyá oorun ni o, èmi kò lè sọ. Ọdẹ́níyì já ewé bò ó, ó rọra fi í sílẹ̀, ó ń bá ọ̀nà lọ.

Ọ̀nà náà mú un dé Ọbarẹpẹtẹ, ìlú tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ bí kò ṣe ọba. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó dá ayé eré yẹn wá ọba tí yóò jẹ, wọ́n dán ọ̀kan wò, wọ́n ní ó sanra jù. Wọ́n dán òmíràn wò, wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tí ó wù wọ́n, gbogbo àwọn tí ó kù kó adé wọn, wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀. Adé ló pọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbálẹ̀. Ìdọ̀tí ìlú náà tó òkè. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́níyì lókèèrè ni ariwo ta: "Ọmọ ìlú dé! Ọmọ ìlú dé!" Wọ́n sáré sí i tadé-tadé. Ọ̀kan fà á lápá, ó ní kí ó wá dọ̀bálẹ̀ fún òun. Èkejì fà á lẹ́sẹ̀, ó ní òun ló kọ́kọ́ rí i. Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi bó. Wọ́n fi í jẹ Ọ̀tún, wọ́n fi í jẹ Òsì, wọ́n ní kí ó tún máa gbálẹ̀.

Nígbà tí ó rí i pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, ibẹ̀ ni òun yóò gbó sí, ó gbé ohùn sókè. "Kábíyèsí, gbogbo yín pátá! Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pàṣẹ fún mi ni n óò sìn títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojúlówó ọba kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bá ará oko bí tèmi sọ̀rọ̀. Agbẹnusọ ni ó ń bá a sọ ọ́. Ẹni tí ó bá la ẹnu níbí, a ti mọ̀ pé kì í ṣe ọba nìyẹn."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo ìlú lẹ́nu. Olúkúlùkù yíjú sí ọ̀tún láti wá agbẹnusọ, ọba mìíràn ni ó rí. Ó yíjú sí òsì, ọba náà ni. Ọdẹ́níyì gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó ń lọ. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọba arúgbó kan tí ó juwọ́ sí i, tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó sọ fún wọn lóde pé òun wà níbí. Ó dun Ọdẹ́níyì, nítorí kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì lè padà lọ bèèrè.

Báyìí ni ó ṣe dé Ìlú Ìbátijẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn inú ìtàn tí a kò lò ń gbé. Ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iwájú ilé ni gbogbo wọn jókòó sí, tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Bí Ọdẹ́níyì ti ń kọjá, wọ́n ń dìde. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní, "Ṣé èmi lẹ wá pè?" Ìyàwó tuntun kan tí ó ti lọ́ aṣọ ìgbéyàwó sára láti ìgbà láéláé ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni?" Ọdẹ́níyì ń mi orí, ó ń tọrọ àforíjì, kò lè wo ojú wọn mọ́. Ilẹ̀ ni ó ń wò nígbà tí ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé kan.

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ káàbọ̀. Ẹ tún ti wọ bàtà lódìlódì."

Ọdẹ́níyì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lóòótọ́ ni, bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí ó ti dáyé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un rí. Ó gbé ojú sókè. Obìnrin dúdú kan ni, ó ní èjí lẹ́nu, oyún ńlá sì wà nínú rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni Bàbá Ọdẹ́bùnmi," ni ó wí. "Ọdẹ́níyì ni mí. N kò bímọ rí."

Obìnrin náà kò bínú. Ó gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ pé wọn kò fi mí sí yín lọ́kàn. Ìbíwùmí ni mí. Èmi ni ìyàwó yín nínú ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa yín. Ẹran lẹ máa ń kọ́kọ́ jẹ kí ẹ tó bu òkèlè. Bí ẹ bá pa ẹran ńlá, ẹ kì í sọ ọ́, ẹ ó máa súfèé bọ̀ láti ojú ọ̀nà kí n lè gbé omi kaná. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ kì í bá mi jà, ẹ ó lọ máa la igi lẹ́yìnkùlé. Igi ìdáná wa kì í tán láéláé."

Ọdẹ́níyì kò mọ ìgbà tí ó jókòó. Gbogbo ohun tí obìnrin yìí ń sọ, ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n, bí orí rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Kí lo ṣe tí wọ́n fi yọ ọ́?"

"N kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní ààyè kò sí. Wọ́n ní ọdẹ tí ń kìlọ̀ ejò kò nílò ìyàwó."

"Oyún yìí ńkọ́?"

"Tiyín ni. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, ẹ gbé ọwọ́ lé mi níkùn, ẹ ní bí ó bá jẹ́ obìnrin, Ọdẹ́bùnmi ni yóò máa jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè yín ní bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ń kọ ìtàn wa ti gbé kálàmù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò lè bí i. Ṣùgbọ́n ó ń yí. Ẹ gbé ọwọ́ síbẹ̀."

Ọdẹ́níyì gbé ọwọ́ síbẹ̀, ọmọ náà sì ta á nípàá. Ẹ̀yin ará mi, ọkùnrin náà kò gbé ọwọ́ kúrò mọ́. Ó ní, "Dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Arúgbó kan ni ó ń ṣọ́ ibodè ìlú náà. Òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀tá ńlá inú eré yẹn tẹ́lẹ̀, tí yóò máa run ìlú. Wọ́n ní ó ti burú jù, ni wọ́n bá yọ ọ́, ìkà sì ti tán nínú rẹ̀. Agbọ̀n ni ó ń hun. Ó ní, "Kò ṣòro. Ẹni tí ó wá múni yóò bọ́ síta, ẹni tí ń jáde yóò dúró nínú, yóò sì pe ẹni ìta ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ náà ni okùn tí yóò fà á jáde. Orúkọ tí ayé kò bá mọ̀, ibodè kò gbọ́ ọ."

Ọdẹ́níyì bọ́ síta, ìlẹ̀kùn pa dé. Ìbíwùmí dúró nínú, ó pè, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi!" Ìlẹ̀kùn kò mira. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ la igbó já. Ìlẹ̀kùn kò mira.

"Ọmọ mi," ni arúgbó wí, "ayé kò mọ Bàbá Ọdẹ́bùnmi. Ọdẹ́níyì ni wọ́n mọ̀. Pe Ọdẹ́níyì, kí ẹ máa lọ."

"Orúkọ ọkọ mi? Gbangba báyìí?"

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyàwó tí a kọ́ nílé kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Kí ó tó bímọ, á máa pè é ní olówó orí mi. Bí ó bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ni yóò máa fi pe bàbá.

"Ta ló ń gbọ́?" ni arúgbó wí. "Èmi nìkan ni, etí mi sì ti di."

Ìbíwùmí di ojú rẹ̀. "Ọdẹ́..." Ìlẹ̀kùn dún gìrì. Ṣùgbọ́n Ìbíwùmí kígbe, ó gbá ikùn rẹ̀ mú. "Kò yí mọ́! Ọmọ mi kò yí mọ́!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wéréwéré, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, Bàbá Ọdẹ́bùnmi, Bàbá Ọdẹ́bùnmi," títí ọmọ náà fi tún yí. Ìlẹ̀kùn sì ti dákẹ́.

Arúgbó náà gbé agbọ̀n sílẹ̀. "Ó yé mi wàyí," ni ó wí. "Wọn kò kọ ọmọ yìí síbi kankan bí kò ṣe inú orúkọ yẹn. Ibẹ̀ ni ó ń gbé. Bí o bá pe bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò bímọ, kò bímọ nìyẹn."

Ọdẹ́níyì fi orí ti ìlẹ̀kùn. Ohun tí ó sọ lẹ́yìn náà kò dára, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ti ń bu ọbẹ̀ sí àwo méjì láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó sọ ọ́, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ó ní, "Ìbíwùmí, pè mí. Pe Ọdẹ́níyì. A ó bí òmíràn."

"Níbo?" ni Ìbíwùmí dáhùn. "Ta ni yóò kọ ọ́ fún wa?"

Ojú ti Ọdẹ́níyì. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Èmi náà yóò kúkú jókòó sídìí ìlẹ̀kùn yìí."

"Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀, ta ni yóò sọ fún ayé? Ẹ lọ, olówó orí mi. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí ẹ jẹ́. Èmi ti ń dúró tẹ́lẹ̀, n óò tún dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́."

N kò ní sọ bí ó ṣe padà. Ẹni tí ó ń sunkún lọ sílé kì í rí ọ̀nà, kí ni yóò wá ròyìn? Ó dúró sí ẹnu Igbó Arọ̀jò bíi ti tẹ́lẹ̀. Arìnrìn-àjò dé, ó ní, "Ọdẹ́níyì, ọ̀nà wo ni kí n gbà?" Kò dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi ni mí. Pè mí bẹ́ẹ̀, n óò fi ọ̀nà hàn ọ́." Ẹni tí ó bá pè é bẹ́ẹ̀, ó ń dá a lóhùn. Ẹni tí kò bá pè é, ejò ń rí àlejò.

Àwọn ará ayé eré náà fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí nílẹ̀ wa, kí ọkùnrin tí kò ní aya, tí ẹnikẹ́ni kò rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ rí, máa pe ara rẹ̀ ní bàbá ọmọ. Ẹni tí ń ta epo ní ìkóríta á na ọrùn, á ké sí i pé, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi o! Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn?" Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi di ìhà mú. Ọdẹ́níyì kì í bínú. Ẹnu tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè é, ó ti pè é. Ibodè kì í béèrè bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Á juwọ́ sí wọn, á ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ tún pè é."

Àwọn tí ó dá ayé náà gbọ́. Wọ́n ní nǹkan ti bàjẹ́ lára ọdẹ yìí, wọ́n tún un ṣe, ilẹ̀ mọ́, ó tún ń sọ ọ́. Obìnrin kan wà láàárín wọn, òun ni ó kọ ìtàn Ìbíwùmí ní ìgbà tí wọn kò tíì sọ fún un pé ààyè kò sí. Kò ka ìlà ìkẹyìn rẹ̀, níbi tí orúkọ ọmọ náà wà, sétí ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ tí ó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ọdẹ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ẹ ń wò mí. Ẹ ń ronú pé báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí. Mo ti gba ẹ̀yìn ibodè náà kọjá, kí ni ibi tí èmi kò tíì dé? Nígbà tí Ọdẹ́níyì kúrò níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín ìlẹ̀kùn yẹn. Nígbà tí èmi débẹ̀, ọwọ́ ń gbà á. Ìbíwùmí na ọwọ́ rẹ̀ sí mi láti inú, mo dì í mú, ó bi mí bóyá ọkọ òun ń jẹun dáadáa. Mo ní ó ń jẹun. Ó ní ṣé àwọn ènìyàn ń pè é? Mo ní wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n pọ̀ sí i."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ mọ̀ mí, n kì í bẹ ènìyàn. N kò bẹ ẹfọ̀n, n kò bẹ ẹkùn, n kò bẹ iwin. Ẹ̀yin ni mo ń bẹ lónìí. Ẹ dìde dúró. Ẹ gbé ohùn yín sókè, tọkùnrin tobìnrin, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni, ẹ pe ọkùnrin yẹn.

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi!"

Ohùn yín kéré. Ibẹ̀ jìn.

"Bàbá Ọdẹ́bùnmi!"

Ẹ tún pè é. Oyún náà ti pé oṣù rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.